Pátákó Tablut: Àkọsílẹ̀ Bí Mo Ṣe Kàn Án, láti Orí Páálí dé Orí Igi

Ayò tí mo kàn yìí ni Tablut. Ó wà nínú ìdílé àwọn ayò ogun tí wọ́n ń pè ní tafl, èyí tí àwọn ará Skandinéfíà àti àwọn ará Áílándì ń ta láyé àwọn Viking, àwọn atukọ̀ jagunjagun àríwá Yúróòpù, kí ṣẹ́ẹ̀sì tó dé tó gba ipò lọ́wọ́ wọn. Ó jọ ṣẹ́ẹ̀sì ní ti pé ọba wà níbẹ̀, ogun wà níbẹ̀, ọpọlọ sì ni a fi ń ta á. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé ogun méjèèjì kò dọ́gba. Ọba jókòó sí àárín gbùngbùn pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ 8, ọ̀tá 16 sì yí i ká. Ọba ń wá ọ̀nà àtisá, ọ̀tá ń wá ọ̀nà àtimú un.

Mo kọ gbogbo ìwọ̀n sílẹ̀ bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́, pẹ̀lú àwọn ohun tí kò ṣiṣẹ́, kí ẹni tó bá fẹ́ kan tirẹ̀ má baà fi igi ṣòfò. Mìlímítà ni mo fi wọn ohun gbogbo. Mm ni mo máa kọ dípò rẹ̀.

1. Òfin ṣáájú igi

Ẹni tó bá fẹ́ kan pátákó ṣẹ́ẹ̀sì kò ní ohun púpọ̀ láti yàn. Ojúlé 64 ni, ibi gbogbo ló mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Tafl kò rí bẹ́ẹ̀. Pátákó olójúlé 7 sí 7 wà, 9 sí 9 wà, 11 sí 11 wà, èyí tó sì ní ilà 19 sí 19 wà nínú ìwé àfọwọ́kọ kan tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òfin wọn kò rí bákan náà, òfin ló sì ń sọ ohun tí a máa gbẹ́ sójú igi. Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù ni èyí: níbo ni ọba máa sá dé kó tó borí? Ṣé etí pátákó, níbikíbi tó bá ti lè débẹ̀, àbí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìkan?

Ẹ̀rí wà fún méjèèjì. Ní 1932, wọ́n rí pátákó igi kan ní Ballinderry, ní Áílándì. Ihò 49 ló wà lójú rẹ̀, 7 sí 7, tí a ó máa ki ẹsẹ̀ ọmọ ayò bọ̀. Ẹni tó gbẹ́ ẹ fi àmì yí ihò àárín ká, ó sì fi àmì sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí ló fẹ́ fi àmì igun ṣe bí igun kò bá já mọ́ nǹkan nínú ayò náà? Ṣùgbọ́n Carl Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, rin ìrìn-àjò lọ sí Lapland, ní àríwá Skandinéfíà, ní 1732, ó rí àwọn Sámi, ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀, tí wọ́n ń ta Tablut, ó ya pátákó wọn, ó sì kọ òfin rẹ̀ sínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀. Ojúlé 9 sí 9 ni tiwọn, etí pátákó ni ọba wọn ń sá lọ. Bí ọ̀nà kan bá ṣí fún ọba láti dé etí, ẹni tó ń ta ọba á pariwo “raichi” kí ẹnìkejì lè dí i. Bí ọ̀nà bá ṣí méjì, “tuichi” ni, ayò ti tán nìyẹn, nítorí kò sí bí ọ̀tá ṣe lè dí ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo gbé òfin méjèèjì yẹ̀ wò lórí páálí kí n tó fọwọ́ kan igi, ìṣirò kan ló sì bá mi parí rẹ̀. Ká ní igun ni ọba gbọ́dọ̀ dé. Láti ti igun kan pa, ọ̀tá mẹ́ta tó fì síra wọn ti tó: ọ̀kan ní ojúlé kẹta lẹ́bàá etí kan, ọ̀kan ní ojúlé kẹta lẹ́bàá etí kejì, ọ̀kan láàárín wọn. Gbọọrọ ni gbogbo ọmọ ayò ń rìn, wọn kì í gba igun ojúlé, kò sí èyí tó lè gba àárín mẹ́ta yẹn kọjá. Wọn kò sì ṣeé mú, nítorí híhá mọ́ àárín méjì ni a fi ń mú ọmọ ayò, láti mú èyíkéyìí nínú wọn, ẹ̀ṣọ́ kan gbọ́dọ̀ ti wà nínú igun lọ́hùn-ún tẹ́lẹ̀. Igun mẹ́rin lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 12. Ọ̀tá 16 ló wà. Ẹni tó ń ta ọ̀tá lè ti gbogbo ilẹ̀kùn pa kó sì tún ní mẹ́rin lọ́wọ́. Lórí pátákó 9 sí 9, ìyẹn dí ayò náà pọ̀ jù lójú tèmi. Mo fi òfin igun sílẹ̀ fún pátákó ńlá, mo sì mú òfin etí.

Ìpinnu yẹn sọ ohun mẹ́ta di dandan lójú igi. Èkíní, n kò ní gbẹ́ àmì kankan sí igun. Èkejì, ojúlé àárín, tí wọ́n ń pè ní konakis, gbọ́dọ̀ hàn gbangba nígbà tó bá ṣófo, nítorí pé bí ọba bá ti kúrò níbẹ̀, kò sẹ́ni tó tún lè dúró sí i tàbí kó gba orí rẹ̀ kọjá. Ó ti di ògiri. Ẹ̀kẹta, ìlà tó yí pápá ayò ká gbọ́dọ̀ ṣe kedere, kó má baà sí àríyànjiyàn nípa bóyá ọba ti dé etí.

Ìyókù òfin tí mo lò kò gùn. Gbogbo ọmọ ayò, ọba pẹ̀lú, ń rìn gbọọrọ bí rúùkù ṣẹ́ẹ̀sì, iye ojúlé tó bá ṣófo níwájú rẹ̀. Láti mú ọ̀tá tàbí ẹ̀ṣọ́, ẹ há a mọ́ àárín ọmọ ayò yín méjì tó dojú kọra, kì í ṣe fífò lé e lórí. Bí ọmọ ayò bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ àárín ọmọ ayò ẹnìkejì méjì, kò sóhun tó ṣe é. Ọba tó wà lórí konakis, àfi kí mẹ́rin yí i ká. Bó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ konakis, mẹ́ta pẹ̀lú konakis fúnra rẹ̀ ti mú un. Níbòmíràn, méjì tó, bíi ti ẹlòmíràn.

2. Ìdánwò lórí páálí

Ẹ má fojú kéré ìpele yìí. Ojúlé 40 mm ni mo kọ́kọ́ yà sórí páálí, mo sì gé ọmọ ayò láti ara ọ̀pá róbótó tó fẹ̀ tó 28 mm. Lójú, ó dára, ó kún, ó jọ ṣẹ́ẹ̀sì. Lọ́wọ́, kò ṣeé ta. Nínú ṣẹ́ẹ̀sì, ẹ̀ ń gbé ọmọ ayò kúrò láti òkè, orí rẹ̀ ga, ìka máa ń rí i mú. Nínú Tablut, ọmọ ayò kúkúrú ni wọ́n, èyí tí ẹ sì fẹ́ gbé kúrò wà láàárín méjì nígbà gbogbo, torí pé híhá ni a fi ń mú u. Àlàfo tó wà láàárín ọmọ ayò méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn jẹ́ 40 yọ 28, ìyẹn 12 mm. Ìka mi kò wọ̀ ọ́ láìti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kúrò lójú ilé.

Mo fẹ ojúlé sí 45 mm, mo sì dín ọ̀pá kù sí 25 mm. Àlàfo di 20 mm. Ìka wọ̀ ọ́, ọmọ ayò jáde, ẹnikẹ́ni kò mì. Láti ìgbà náà ni mo ti mú un bí òṣùwọ̀n: kí ọmọ ayò tafl fẹ̀ díẹ̀ ju ìdajì ojúlé lọ, kó má ju bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti ń kan ṣẹ́ẹ̀sì tẹ́lẹ̀ máa rò pé ó kéré jù, nítorí tí ṣẹ́ẹ̀sì máa ń tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ojúlé. Ó yẹ kó kéré.

Ojúlé 9 lọ́nà 45 jẹ́ 405 mm. Mo fi etí 22.5 mm sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Pátákó di 450 sí 450.

3. Ohun èlò

Igi: pákó mẹ́ta tó fẹ̀ tó 155 mm, tó gùn tó 470, tó nípọn tó 18; igi tín-ín-rín méjì, 400 sí 40 sí 20, fún ìdí pátákó; ọ̀pá róbótó 25 mm tó gùn tó mítà kan; ègé ọ̀pá 32 mm fún ọba.

Irinṣẹ́: ayùn eléyín wẹ́wẹ́, ìfági, síkúwà, rúlà onírin tó ní àmì ìdajì mm, ọ̀bẹ mímú, kọ́ńpáàsì, dírìlì, kíláǹpù mẹ́rin, sáńpépà nọ́ńbà 80, 120 àti 240.

Ìyókù: gọ́ọ̀mù igi, skúrù 30 mm mẹ́fà, tàdáwà dúdú olómi, shellac (oje tí a fi ọtí pò, tí a fi ń kun igi), òróró linseed, ìda, fínígà, kànrìnkàn onírin, tíì tó le dáadáa.

4. Ojú pátákó, àti bó ṣe wọ́

Mo fi ìfági tún ẹ̀gbẹ́ pákó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe títí tí ìmọ́lẹ̀ kò fi gba àárín wọn kọjá nígbà tí mo tò wọ́n. Mo yí ti àárín padà kí òrùka ìdàgbà igi tó hàn ní orí rẹ̀ dojú kọ ọ̀nà kejì sí ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Gọ́ọ̀mù, kíláǹpù, mo sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Mo fági ojú méjèèjì, mo gé e sí 450, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo sì lọ.

Nígbà tí mo padà dé, etí rẹ̀ méjèèjì ti gbéra. Mo gbé rúlà onírin lé e ní ìbú, àlàfo tó wà lábẹ́ rẹ̀ láàárín jẹ́ 3 mm. Igi kò bàjẹ́, gọ́ọ̀mù kò já. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ojú òkè nìkan ló ń rí afẹ́fẹ́, ojú ìsàlẹ̀ lẹ̀ mọ́ tábìlì. Ojú tó gbẹ ló ń sún kì, bó bá sì ti sún kì, á fa etí méjèèjì sókè. Títẹ́ pákó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fági sílẹ̀ báyẹn ló ń fà á, ó sì máa ṣẹlẹ̀ sí igi tó dára jù lọ.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le, sùúrù ló gbà. Mo gbé e nàró, mo fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ògiri pẹ̀lú àlàfo lẹ́yìn, kí afẹ́fẹ́ lè kan ojú méjèèjì. Bí ọjọ́ ti ń lọ ni ó ń padà, títí ó fi ku nǹkan bí 1 mm. N kò dúró dè é kó tẹ́ pátápátá. Igi tín-ín-rín méjì tí mo pèsè fún ìdí ló máa gba ìyókù.

Bí a ṣe ń de igi yẹn mọ́ ìdí ló ṣe pàtàkì. Wọ́n gbọ́dọ̀ dábùú iṣan igi pátákó, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gba skúrù mẹ́ta. Ti àárín nìkan ni a ń dè pinpin. Fún méjì tó kù, mo fa ihò inú igi tín-ín-rín gùn sí 10 mm dípò ihò róbótó, kí skúrù lè sún díẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún bí pátákó ṣe ń wú tó sì ń sún kì. Mi ò fi gọ́ọ̀mù kàn án rárá. Ẹni tó bá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pinpin máa rí i pé pátákó ya láàárín, torí igi kò ní ṣàì wú ní ìbú. Skúrù 30 mm gba inú igi 20 kọjá, ó wọ pátákó ní 10, ó ku 8 kó tó yọ sójú. Ẹ má lo èyí tó gùn ju bẹ́ẹ̀.

Igi méjì yìí náà ni ẹsẹ̀ pátákó, ìka sì ń rí abẹ́ rẹ̀ gbé.

5. Ilà

Ọ̀nà tó ń wá sí ọkàn ènìyàn ni kó ṣí kọ́ńpáàsì sí 45 mm, kó sì máa fi gbẹ́sẹ̀ lọ láti etí dé etí. Ẹ má ṣe é. Bí kọ́ńpáàsì bá fi ìdajì mm péré ṣáko, lẹ́yìn ojúlé 9, ẹ ti ṣáko ní 4.5 mm, ojúlé tó gbẹ̀yìn yóò sì sanra ju àwọn yòókù lọ tí ojú gbogbo á fi rí i.

Mo gé ọ̀pá pẹlẹbẹ kan tó gùn tó 450, mo fi rúlà kan ṣoṣo, láti òdo kan ṣoṣo, sàmì sí i: 22.5, 67.5, 112.5, 157.5, 202.5, 247.5, 292.5, 337.5, 382.5, 427.5. Àmì 10 fún ojúlé 9. Mo wá fi ọ̀pá àmì yìí kan náà sàmì sí etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pátákó. Bí àṣìṣe kékeré bá wà lórí ọ̀pá, ọ̀kan náà ni yóò jẹ́ lókè àti nísàlẹ̀, ilà kò ní wọ́. Kí n tó fi ọ̀bẹ kàn án, mo wọn pápá ayò láti igun dé igun lọ́nà méjèèjì. Fún 405 sí 405, ó yẹ kó jẹ́ 573 mm, kí méjèèjì sì dọ́gba. Bí wọn kò bá dọ́gba, igun kan ti ṣí.

Ẹ ka ìpele kẹfà kí ẹ tó gé ilà kankan, nítorí shellac ló ń ṣáájú ọ̀bẹ. Àwọn ilà tó dábùú iṣan igi rọrùn. Ọ̀bẹ á gé e mọ́lẹ̀. Àwọn tó bá iṣan igi lọ ló ní wàhálà. Ọ̀bẹ fẹ́ tẹ̀ lé iṣan igi dípò rúlà, bó bá sì ti wọlé, kò ṣeé dá padà. Mo gbìyànjú títẹ ọ̀bẹ gidigidi lórí àjẹkù pákó, ó ṣáko. Fífà á fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kíní, bí ẹni fi pẹ́ńsùlù yà á, ló mú un dúró. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, rúlà sì wà ní ẹ̀gbẹ́ pápá kí ìṣìnà, bó bá wà, lè bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tí mo lè fi sáńpépà pa rẹ́. Ilà náà jìn tó nǹkan bí 1 mm.

6. Àmì àti tàdáwà

Ìpele yìí ló gba àkókò jù, òun náà ló sì dùn mọ́ mi jù.

Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹni tí kò rí Tablut rí lè to ọmọ ayò sójú rẹ̀ láìbéèrè. Ojúlé 25 ló ní ẹni tó jókòó sí i níbẹ̀rẹ̀ ayò, 56 ló ṣófo. Nínú àwòrán tí Linnaeus yà, àwọn ojúlé ìbẹ̀rẹ̀ ní àmì tó yà wọ́n sọ́tọ̀, mo sì tẹ̀ lé èrò yẹn. Konakis gba àgbékà róbótó mẹ́rin tó wọnú ara wọn, mo fi kọ́ńpáàsì gbẹ́ ẹ. Ojúlé ẹ̀ṣọ́ 8 gba róbótó kékeré kọ̀ọ̀kan: méjì sókè konakis, méjì sísàlẹ̀, méjì sọ́tùn-ún, méjì sósì, tí wọ́n fi di àgbélébùú. Ojúlé ọ̀tá 16 gba ilà méjì tó dábùú ara wọn: ní àárín etí kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta tò lẹ́bàá etí, ẹ̀kẹrin dúró níwájú ti àárín, ó dojú kọ ẹ̀ṣọ́.

Tàdáwà ló fẹ́ ba iṣẹ́ náà jẹ́. Mo dán an wò lórí àjẹkù pákó ná, mo dúpẹ́ pé mo ṣe bẹ́ẹ̀. Tàdáwà tí mo fi sínú ilà lórí igi lásán sá wọ inú iṣan igi, ó sì tàn kálẹ̀ bí epo lórí aṣọ. Mo dán kálámù elémìí ọtí wò, irú èyí tí a fi ń kọ nǹkan sára páálí. Ìyẹn kò tàn kálẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi shellac gorí rẹ̀, ó yọ́, ó sì di àbàwọ́n, nítorí ọtí ni a fi ń po shellac.

Bó ṣe wá bọ́ sí i nìyí. Ẹ fi shellac fẹ́ẹ́rẹ́ kan gbogbo ojú pátákó kí ẹ tó gé ilà, kó sì gbẹ. Lẹ́yìn tí ẹ bá gé ilà tán, ẹ fi shellac fẹ́ẹ́rẹ́ mìíràn wọ inú ilà náà, kó gbẹ. Ìgbà náà ni tàdáwà olómi wọlé, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín. Shellac ti dí iṣan igi, tàdáwà kò ríbi sá sí. Bó bá gbẹ, ẹ fi sáńpépà 240 tí ẹ wé mọ́ igi pẹlẹbẹ ha ojú pátákó: èyí tó yọ sórí kúrò, èyí tó wà nínú ilà dúró. Ilà á mú ṣáṣá. Shellac méjì mìíràn gorí rẹ̀, ìda gbẹ̀yìn. Iye tí ẹ bá fi kan ojú òkè náà ni kí ẹ fi kan ìdí, kí ojú méjèèjì lè máa mí bákan náà. Ohun tó mú pátákó wọ́ ní ìpele kẹrin ṣì lè padà wá bí ẹ bá kun ojú kan ṣoṣo.

7. Ọmọ ayò

Ọ̀tá 16, ẹ̀ṣọ́ 8, mo sì fi mẹ́ta kún un nítorí ọmọ ayò a máa sọnù. Ìwọ̀nyí jẹ́ 27. Gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 22 mm, eyín ayùn ń jẹ 2, ìyẹn 24. Lọ́nà 27, 648 mm. Ọ̀pá mítà kan tó, ó sì ṣẹ́kù.

Fífi pẹ́ńsùlù sàmì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n tó gé e kò jẹ́ kí wọ́n dọ́gba. Nígbà tí mo tò wọ́n, orí wọn ń lọ sókè sódò. Mo kan ìdènà igi kan mọ́ tábìlì, 22 mm sí ibi tí ayùn ń gbà, mo sì ń ti ọ̀pá títí tó fi kan ìdènà kí n tó gé. Láti ìgbà yẹn gbogbo wọn dọ́gba.

Àwọn ọmọ ayò ìgbà Viking tí wọ́n ń hú jáde nínú ilẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ní orí tó dà bí ìlàjì bọ́ọ̀lù. Irú orí yẹn ni mo fẹ́, ìka sì ń mọ̀ ọ́n lára. N kò ní ẹ̀rọ tó ń yí igi, dírìlì ni mo lò. Mo lu ihò 4 mm sí ìdí ọmọ ayò kọ̀ọ̀kan, ó jìn tó 10. Mo gé orí skúrù kan kúrò, mo fi ibi tí mo gé sí ẹnu dírìlì, mo yí ọmọ ayò wọ eyín rẹ̀, mo tan dírìlì, mo sì fi sáńpépà 80 di orí rẹ̀ mú títí ó fi rí róbótó, lẹ́yìn náà 120, lẹ́yìn náà 240. Ìyípo síwájú ni kí dírìlì máa lọ, torí ìyẹn ló ń mú kí skúrù máa le sí i. Bí ẹ bá yí i sẹ́yìn, ọmọ ayò á tú, á sì fò. Ẹ wọ awò ààbò.

Ihò tí kò bá wà ní àárín gan-an máa mú kí ọmọ ayò máa jó lórí dírìlì, orí rẹ̀ á sì wọ́. Àwọn tí mo fojú díwọ̀n ihò wọn kò ṣeé lò. Nítorí náà mo ṣe igi ìtọ́sọ́nà: ègé igi tó nípọn tó 30 mm, mo lu ihò 25 mm sí i, ó jìn tó 15, àmì ṣóńṣó tí irin dírìlì fi sílẹ̀ ní àárín rẹ̀ ni mo sì gbà lu ihò 4 mm já sí òdìkejì. Ẹ ki ọmọ ayò sínú ihò ńlá, ẹ gba ihò kékeré lu ú láti ẹ̀yìn. Àárín ni yóò bọ́ sí nígbà gbogbo. Ọ̀pá tí wọ́n kọ 25 sí lára kì í fìgbà gbogbo jẹ́ 25. Èyí tó bá sanra jù, ẹ fi sáńpépà dín in kù kó tó wọlé.

8. Sísọ ọ̀tá di dúdú

N kò fẹ́ ọ̀dà, nítorí ọwọ́ máa ń bó o. Mo fi kànrìnkàn onírin sínú fínígà nínú ìgò, mo sì fi sílẹ̀ títí irin fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ẹ má dé ìgò náà pinpin, atẹ́gùn ń jáde nínú rẹ̀, ó lè bẹ́. Mo sẹ́ ẹ, mo sì fi búrọ́ọ̀ṣì kan ọmọ ayò.

Ó di eérú, kò dúdú. Ohun tó ń sọ ọ́ di dúdú ni ìpàdé irin pẹ̀lú èròjà kíkorò kan tó ń jẹ́ táníìnì, igi óòkù ní i púpọ̀, ọ̀pá tí mo rà kò ní tó bẹ́ẹ̀. Táníìnì sì wà nínú tíì. Mo se tíì tó le gan-an, mo fi kan àwọn ọmọ ayò, mo jẹ́ kí wọ́n gbẹ, mo tún fi fínígà onírin gorí wọn. Lójú mi báyìí ni wọ́n ń dúdú, ẹ̀ẹ̀kejì sì sọ wọ́n di dúdú ṣìnṣìn. Inú igi ni àwọ̀ náà wà, ọwọ́ kò lè bó o.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ kò gba nǹkan kan ju òróró linseed lọ, ìyẹn sì fún wọn ní àwọ̀ oyin. Mo fi òróró yìí kan náà kan àwọn ọ̀tá lẹ́yìn tí wọ́n gbẹ. Àkísà tí ẹ fi nu òróró linseed, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní gbangba kó gbẹ. Bí ẹ bá ká a jọ, ó lè gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná.

9. Ọba

Ọba àkọ́kọ́ wá láti ara ọ̀pá 25 mm bíi tàwọn yòókù, mo kàn mú un ga sí 45. Ó ń ṣubú. Bí ìka bá ti kàn án nígbà tí a ń gbé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti dùbúlẹ̀, àárín èrò sì ni ọba Tablut ń gbé látìbẹ̀rẹ̀ ayò.

Ìkejì fẹ̀ tó 32 mm, gíga rẹ̀ ṣì jẹ́ 45. Àlàfo tó kù láàárín òun àti ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ jẹ́ 16.5 mm, ìka ṣì ń wọ̀ ọ́. Mo lu ihò 16 mm sí ìdí rẹ̀, ó jìn tó 8, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ nọ́ọ̀tù irin M8 (èyí tó gba bóòtù 8 mm) kan sínú rẹ̀ kó lè wúwo nísàlẹ̀, mo sì fi aṣọ wúlì pẹlẹbẹ bo ẹnu ihò. Láti ìgbà náà kò ṣubú mọ́.

Nípa ìrísí, mo ronú lórí àwọn ọba ṣẹ́ẹ̀sì tí wọ́n rí ní erékùṣù Lewis, ní Scotland, ní 1831, tí wọ́n jókòó lórí ìtẹ́ pẹ̀lú idà lórí itan. Iṣẹ́ ọwọ́ ńlá ni wọ́n, eyín walrus, ẹranko ńlá inú òkun tútù, ni wọ́n sì fi gbẹ́ púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọba tafl nílò kí a dá a mọ̀ láti igun gbogbo, torí ojú kan kọ́ ni ogun ti ń bọ̀ wá bá a. Ayùn ni mo fi fa ilà méjì tó dábùú ara wọn sí orí rẹ̀, 3 mm ní jíjìn, mo fi sáńpépà yí etí wọn, ó sì di adé olórí mẹ́rin. Mo fa tàdáwà yí ọrùn rẹ̀ ká.

10. Bó ṣe rí nígbà tí a ta á

Lónìí, ọ̀tá ni wọ́n sábà máa ń jẹ́ kó kọ́kọ́ rìn, bẹ́ẹ̀ la sì ṣe. Ẹni tí mo bá ta á kò rí Tablut rí. Ó to ọmọ ayò fúnra rẹ̀ láti ara àmì ojú igi, kò sì ṣì wọ́n tò. Ojúlé 45 mm dára, a kò ti ẹnikẹ́ni ṣubú. A pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ lẹ́yìn ayò kọ̀ọ̀kan, nítorí ìyẹn nìkan ni ọ̀nà tó bójú mu láti mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n ta nígbà tí ogun kò dọ́gba.

Ohun kan ni mo tún padà lọ ṣe. Konakis tó ṣófo kò fara hàn tó nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ẹ̀gbẹ́ wá. Lẹ́ẹ̀mejì ni ẹnìkan fẹ́ gba orí rẹ̀ kọjá. Mo fi ọ̀bẹ jin àgbékà róbótó rẹ̀ sí i, mo sì fi tàdáwà kún gbogbo àlàfo àárín wọn, kó lè dúdú láti òkèèrè. Bíi ti ìpele kẹfà, mo kọ́kọ́ fi shellac wọ inú ibi tí mo gé, tàdáwà kò sì sá.

Fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe 11 sí 11 pẹ̀lú òfin igun, èyí tí wọ́n ń pè ní òfin Copenhagen: ọ̀tá 24, ẹ̀ṣọ́ 12, ọba kan. Ojúlé 45 mm yóò fún yín ní pápá 495. Pẹ̀lú etí 22.5, pátákó di 540, àmì 12 sì ni yóò wà lórí ọ̀pá àmì. Pákó mẹ́rin ni kí ẹ fi tò ó, kí igi ìdí di mẹ́ta. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àmì tó jìn bíi ti konakis.